Bí a ṣe lè mú ẹja wúrà yé ẹyin, kí a sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, nílé ní Ìlọrin

Ẹja wúrà, tí àwọn tí ń tà á láàárín wa ń pè ní góòlùfíìṣì, kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ olóoru. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti sọ ọ́ di ohun ọ̀sìn ní èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, láti ara ẹja odò kan tí àwọ̀ rẹ̀ kò tàn rárá. Ní ilẹ̀ náà, òtútù a máa mú fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, lẹ́yìn náà ni omi yóò wá máa lọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, àsìkò tí omi bá sì ń ti inú òtútù bọ́ sínú ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yìí gan-an ni ẹja náà máa ń yé ẹyin. Ẹni tó bá fẹ́ kí ẹja wúrà bímọ nílé rẹ̀ ní Tanke, ní Gáà-Akanbí, ní Ọ̀fà tàbí ní Òmù-Àrán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn kí ó tó náwó lórí ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti sin ẹja yìí fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta láìfojú kan ẹyin, kì í sì í ṣe pé àìsàn ń ṣe ẹja wọn. Inú yàrá kan náà ni omi wọn wà láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé oṣù Ọ̀pẹ, ooru rẹ̀ kò sì fìgbà kan yí padà tó láti sọ fún ẹja náà pé àkókò ti tó.

A kò ní ìgbà òtútù bíi ti Ṣáínà, ṣùgbọ́n a ní ọyẹ́. Láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí oṣù Ṣẹ́rẹ́, tẹmómítà tí mo máa ń fi sínú omi tó wà lóde ti fi 19°C hàn mí ní kùtùkùtù òwúrọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán ọjọ́ kan náà lè gbé e dé 26°C. Òtútù òru yìí tó fún ẹja wúrà. Nítorí náà ọyẹ́ ni mo gbé gbogbo ètò tó wà nísàlẹ̀ yìí lé, ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ sì ti yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ kí òjò tó dáwọ́ dúró.

Yíyan àwọn òbí

Oṣù Ọ̀wẹwẹ tàbí Ọ̀wàrà ló dára jù láti ra ẹja, nígbà tí òjò ṣì ń mú ilẹ̀ tutù, kí ara wọn lè ti mọ ilé kí ọyẹ́ tó dé. Oríṣi méjì gbòógì ni wọ́n pín sí. Èkíní ni àwọn onírù kan, tí ara wọn gùn, tí wọ́n sì yára nínú omi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní comet. Èkejì ni àwọn tí ìrù wọn pín sí méjì, tí ikùn wọn sì rí roboto: fantail, ryukin, oranda tí ẹran hù sí lórí bí fìlà, àti black moor tí ojú rẹ̀ yọ síta. Àwọn oríṣi kejì yìí ni ojú ń fẹ́ rí, owó wọn ló sì máa ń ga jù, ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí ó fi comet kọ́ iṣẹ́. Ikùn roboto a máa há ìfun àti àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja mọ́ra, ẹja bẹ́ẹ̀ kì í sì í lè fara da ooru tàbí omi tí kò mọ́ bí ti onírù kan. Èyí yòówù kí ẹ yàn, ẹ má ṣe da oríṣi méjì pọ̀ sójú kan láti yé ẹyin, nítorí pé ọmọ tí oranda àti comet bá jọ bí kì í jọ ìyá, kì í sì í jọ bàbá. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò máa fà sẹ́yìn sí ìrísí ẹja odò tí ìran wọn ti ṣẹ̀.

Kò rọrùn láti mọ akọ yàtọ̀ sí abo nígbà tí ẹja bá ṣì kéré, nítorí náà ẹ ra mẹ́fà tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, kí ẹ tọ́ wọn pọ̀. Ẹja tó ti pé ọdún kan lè yé ẹyin, ṣùgbọ́n ti ọlọ́dún méjì sí mẹ́ta ló máa ń pọ̀, tí ó sì máa ń dára jù. Bí àkókò ìyé-ẹyin bá ti ń súnmọ́, akọ yóò yọ àwọn kókó funfun wínníwínní sí ìdérí ìjàgbọ̀n rẹ̀ àti sí etí lẹbẹ àyà rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀pọ̀ ni kókó yìí ti dẹ́rù bà tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn sínú omi. Ohun tí a ó fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àrùn ni pé ojú ibi méjì yẹn nìkan ni ó máa ń wà, nígbà tí àrùn onítótòtó funfun máa ń fọ́n káàkiri ara àti ìrù. Ní ti abo, ẹ wò ó láti òkè: ikùn rẹ̀ yóò tóbi, ẹ̀gbẹ́ kan sì lè tóbi ju ìkejì lọ, ihò ìyé-ẹyin rẹ̀ yóò sì wú síta díẹ̀, nígbà tí ti akọ máa ń wọnú. Akọ méjì sí abo kan ni mo máa ń lò.

Ẹja tuntun kò gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ wà pọ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi kọjá. Ẹ fi wọ́n sínú omi ọ̀tọ̀ tí ẹ fi iyọ̀ gíráàmù 3 sí lítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa wò bóyá wọ́n ń fara ha nǹkan, bóyá lẹbẹ wọn ká mọ́ ara, bóyá wọ́n kọ oúnjẹ. Àwọ̀n àti ike tí ẹ bá lò fún wọn kò gbọ́dọ̀ kan omi àwọn yòókù.

Omi, àti ohun tí a ó kó wọn sí

Ojú ni a fi ń wo ẹja nínú àpótí onígíláàsì, ṣùgbọ́n fún ìyé-ẹyin ní agbègbè wa, ohun tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tí ó sì lè wà lóde ló dára jù. Dùrọ́ọ̀mù ike lítà 200 tí a là sí méjì ní gígùn ń ṣe é dáadáa, bí ó bá ti dá wa lójú pé kì í ṣe kẹ́míkà ni wọ́n gbé wá nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ńtì mọ adágún kékeré gbọ́dọ̀ pọn omi sí i, kí ó dà á nù, kí ó tún pọn òmíràn, léraléra fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, nítorí pé ohun tí ń jáde lára sìmẹ́ńtì tuntun lè pa ẹja.

Ohun kan wà tí àwa ará Ìlọrin ní tí n kò rí kí àwọn olùsìn ẹja máa lò tó bí ó ti yẹ: ìkòkò amọ̀. Àwọn obìnrin amọ̀kòkò Dàda ní Òkèléle ṣì ń mọ ìkòkò ńláńlá, àwọn baba wa sì mọ ìdí tí omi àmù fi ń tutù nígbà tí ti bàsíà ń gbóná. Omi a máa jò díẹ̀díẹ̀ gba ara amọ̀ bọ́ síta, bí ó bá sì ti ń gbẹ lára ìkòkò ni ó ń gba ooru kúrò lára èyí tó kù nínú rẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò ẹlẹ́nu gbòòrò tí wọn kò fi ohun kankan kun inú rẹ̀ sí abẹ́ igi tàbí abẹ́ àtíbàbà, ẹ ó sì rí i pé omi inú rẹ̀ yóò tutù ju ti ike tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Nǹkan kékeré kọ́ ni èyí fún ẹja tó fẹ́ràn òtútù, nítorí pé bí omi bá ṣe ń gbóná ni afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú rẹ̀ ń dín kù: lítà omi kan tó wà ní 20°C lè gba nǹkan bíi mílígíráàmù 9, ṣùgbọ́n ní 30°C kò lè gbà ju nǹkan bíi 7.5 lọ, bẹ́ẹ̀ inú ooru náà gan-an ni ẹja ti ń nílò èémí jù.

Omi ẹ̀rọ tí ìjọba ń pèsè ní kílórìnì nínú. Ẹ gbé e sílẹ̀ nínú ohun tí ẹnu rẹ̀ ṣí fún wákàtí 24 sí 48 kí ẹ tó lò ó. Omi kànga kò ní kílórìnì, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ilẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn kì í pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí òun náà sùn mọ́jú, kí a sì máa bù ú láti inú korobá kan dà sí òmíràn. Òjò àkọ́rọ̀ tó bá rọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ kò yẹ ẹja rárá, nítorí gbogbo eruku tó ti bà lé orí páànù fún oṣù mẹ́ta ni ó ń fọ̀ bọ̀.

Ẹja a máa tú amóníà jáde láti inú ìjàgbọ̀n àti ìgbẹ́ rẹ̀, májèlé sì ni fún ẹja fúnra rẹ̀. Àwọn bakitéríà kan wà tí ń sọ amóníà yìí di nitiráìtì, tí òun náà léwu, àwọn mìíràn a sì sọ èyí di nitiréètì, tí ewu rẹ̀ kò tó nǹkan. Inú fóòmù asẹ́ ni wọ́n ń gbé, ó sì máa ń gbà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Ọ̀wẹwẹ. Asẹ́ tó rọrùn jù ni fóòmù tí a ki bọ páìpù, tí ẹ̀rọ kékeré kan ń fẹ́ atẹ́gùn gba inú rẹ̀. Bí fóòmù náà bá dọ̀tí, inú omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lọ́dọ̀ ẹja ni kí a ti fún un, kì í ṣe lábẹ́ ẹ̀rọ omi, nítorí kílórìnì yóò pa àwọn bakitéríà inú rẹ̀. Ẹ sì ra irú ẹ̀rọ atẹ́gùn tó ní bátìrì nínú. Iná lè lọ ní agogo méjì òru nígbà tí ẹnikẹ́ni kò jí láti gbọ́ pé ariwo ẹ̀rọ ti dákẹ́.

Ohun tó yẹ kí a ṣe nígbà ọyẹ́

Bí oṣù Bélú bá ti ń parí lọ, ẹ gbé àwọn òbí jáde sí gbangba níbi tí oòrùn òwúrọ̀ nìkan lè dé, kí òtútù òru lè mú omi wọn. Ẹ ta àwọ̀n lé e lórí nítorí ológbò àti ẹyẹ. Ní àárín oṣù Ọ̀pẹ, ẹ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ abo. Ẹ dín oúnjẹ wọn kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, ìwọ̀nba tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú méjì, nítorí pé nínú omi tútù, oúnjẹ kì í tètè dà nínú wọn. Ìsinmi ni a fẹ́ kí wọ́n ní ní àkókò yìí, a kò fẹ́ kí wọ́n sanra. Ọyẹ́ a máa fa omi gbẹ, eruku rẹ̀ a sì máa bo ojú omi bí awọ. Ẹ máa fi ike ré e kúrò, kí ẹ sì máa fi omi tó ti sùn mọ́jú dí èyí tó gbẹ.

Láti bí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Ṣẹ́rẹ́, ẹ yí ọwọ́ padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí mẹ́rin lóòjọ́, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní agbára: ekòló tí a ṣàn tí a sì gé wẹ́wẹ́, tanwíjí tí a kó nínú omi mímọ́, àti oúnjẹ ẹja kóróńkóró. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta báyìí ti tó láti mú kí ikùn abo kún fún ẹyin.

Nígbà tí ẹ bá ń ṣe èyí lọ́wọ́, ẹ pèsè ohun tí ẹyin yóò lẹ̀ mọ́. Ẹyin ẹja wúrà a máa lẹ̀ bí àtè gẹ́rẹ́ tó bá kan omi, ibi tó bá sì kọ́kọ́ bà lé ni yóò wà títí yóò fi pa. Ojúoró, tí gbogbo wa ń fi ṣe àdúrà pé òun ní í lékè omi, ni ohun tí mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ gùn, ó pọ̀, ó sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ojúoró tí a bá já láti inú odò a máa gbé ìgbín omi, eṣúṣú àti ọmọ lámilámi wá, ọmọ lámilámi kan ṣoṣo sì lè jẹ ọmọ ẹja tó pọ̀ lóòjọ́. Ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì fi í sínú omi ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ máa yẹ gbòǹgbò rẹ̀ wò. Bí ẹ kò bá rí ojúoró, ẹ tú okùn ọ̀rá aláwọ̀ ewé sí fọ́nrán-fọ́nrán, ẹ gé e ní gígùn bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ so ó pọ̀ ní ìdí kan, kí ẹ sì rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀mejì kí àwọ̀ tí yóò ṣí lára rẹ̀ lè ṣí tán. Òwú gidi kò dára, nítorí pé a máa jẹrà nínú omi.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ìyé-ẹyin

Ohun tí a ó kó wọn sí láti yé ẹyin kò gbọ́dọ̀ jìn. Kí omi rẹ̀ má ju sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30 lọ. Ẹ kó ojúoró tàbí okùn náà sí apá kan rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ẹ yàn, tí ó bá jẹ́ ìparí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé tí ọyẹ́ ti ń rọ̀, ẹ kó akọ àti abo pọ̀ sínú rẹ̀, kí omi tuntun tó tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀n méjì sí mẹ́ta jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Bí omi tútù tuntun yìí bá wọlé, tí ilẹ̀ sì mọ́ tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, lójú ẹja ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ìgbà òtútù ti parí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni akọ yóò ti máa lé abo kiri, tí yóò máa fi imú gbún un níkùn, tí yóò sì máa tì í wọ inú gbòǹgbò. Abo yóò gbọ̀n jìgìjìgì, yóò tú ẹyin díẹ̀ sílẹ̀, akọ yóò sì da àtọ̀ lé e lórí lójú ẹsẹ̀. Wọ́n lè ṣe èyí fún wákàtí méjì sí mẹ́rin. Ẹyin náà tóbi tó mílímítà kan ààbọ̀, ó mọ́ gaara, ó sì ní àwọ̀ oyin díẹ̀. Abo kan lè yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún títí dé ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún lẹ́ẹ̀kan. Bí wọn kò bá yé e ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta. Bí ọjọ́ kẹta bá kọjá, ẹ tún yà wọ́n, kí ẹ padà sí oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Gẹ́rẹ́ tí ìlépa náà bá ti dẹwọ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu tọ gbòǹgbò kiri, ẹyin ni wọ́n ń jẹ. Ẹ kó àwọn òbí kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ibi iṣẹ́ láàárọ̀, òpin ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ yàn fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé bí ẹ bá dé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ lè má bá ẹyọ kan.

Láti ẹyin dé ọmọ

Nínú omi 20°C, ẹyin yóò pa di ọmọ ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ 25°C, bí ọjọ́ mẹ́ta ni. Ẹ ṣíji bò ó, kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹyin tí àtọ̀ kò dé ara rẹ̀ yóò funfun láàárín ọjọ́ kan sí méjì, yóò sì máa hu èéhù bí òwú, èyí tó lè ràn mọ́ ẹyin rere tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fi ike tí a fi ń kán oògùn fà wọ́n kúrò. Oògùn methylene blue, ní ìwọ̀n tó kàn sọ omi di aláwọ̀ ojú ọ̀run fẹ́ẹ́rẹ́, a máa dá èéhù yìí dúró, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dà á síbi tí fóòmù asẹ́ yín wà, nítorí pé ó lè pa àwọn bakitéríà tí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tọ́.

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pa tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ojú, yóò sì so rọ̀ mọ́ ara ìkòkò tàbí gbòǹgbò fún ọjọ́ méjì láìrìn. Ẹ má ṣe bọ́ ọ. Oúnjẹ tí Ọlọ́run fi sí i níkùn ni ó ń jẹ lọ́wọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i pé wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ síwájú fúnra wọn, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yín bẹ̀rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹja ti ń kú, ibẹ̀ náà ni mo sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí ẹyin pa nílé mi, pupa ẹyin adìẹ tí a sè ni mo fi ń bọ́ wọn, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Mo fi púpọ̀ sí i ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin, ó rà nínú omi mọ́jú, nígbà tí mo sì jí, kò sí ohun tó ń mì nínú bàsíà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pupa ẹyin ṣì wúlò, ṣùgbọ́n èyí tí kò ju orí ìṣáná lọ, tí a fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ jọ̀ sínú ife omi, ni kí a máa kán sí wọn, kí a sì fa èyí tí wọn kò jẹ kúrò láàárín wákàtí kan.

Ohun tó dára jù ú lọ ni omi aláwọ̀ ewé fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà artemia. Omi aláwọ̀ ewé kò ní owó kankan nínú: ẹ bu omi lọ́dọ̀ àwọn òbí sínú korobá funfun, ẹ gbé e sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹyin tó dé rárá, àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké yóò sì kún inú rẹ̀. Kí ẹ má gbàgbé láti fi àwọ̀n bo ó, kí ẹ̀fọn má bàa sọ ọ́ di ilé. Ní ti artemia, ẹyin ẹ̀dá omi iyọ̀ kan ni, inú agolo ni wọ́n ń dì í sí. Àwọn tí ń ta oúnjẹ ẹja àrọ̀ fún àwọn tí ń pa ọmọ àrọ̀ ní Ìlọrin sábà máa ń ní in, ṣùgbọ́n agolo kan wọ́n, ó sì pọ̀ ju ohun tí ẹnì kan nílò lọ, nítorí náà ó dára kí olùsìn mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ ra ọ̀kan pín, kí olúkúlùkù sì tọ́jú tirẹ̀ sínú ohun tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, nínú fíríìjì.

Bí a ṣe ń pa á nìyí. Ẹ gé ìdí ìgò oníke kan kúrò, ẹ dé ọmọrí rẹ̀ pinpin, kí ẹ dorí rẹ̀ kodò. Ẹ da lítà omi kan sí i, pẹ̀lú iyọ̀ gíráàmù 25 àti ẹyin artemia bí ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn máa hó o láti ìsàlẹ̀ láìdúró, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, tí omi sì tó 26 sí 28°C. Yóò pa láàárín wákàtí 24 sí 36. Bí ẹ bá pa ẹ̀rọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèpo yóò léfòó, àwọn ọmọ rẹ̀ tó pọ́n bí omi ọsàn yóò sì kó jọ sí apá ìsàlẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà wọlé. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fà wọ́n sórí aṣọ, ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣàn wọ́n, kí ẹ tó fún ọmọ ẹja. Wákàtí mélòó kan péré ni wọ́n lè lò láàyè nínú omi tí kò níyọ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóòjọ́ sàn ju púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ. Ikùn ọmọ ẹja tó ti yó yóò pọ́n gẹ́gẹ́ bí artemia náà, ẹ ó sì rí i kedere láti ìta. Ẹ bọ́ wọn báyìí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ tó máa fi oúnjẹ ọmọ àrọ̀ tí a lọ̀ kúnná kún un.

Lójoojúmọ́, ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi aṣọ dí lẹ́nu fa ìdá kan nínú mẹ́wàá omi kúrò, kí ẹ sì fi irú omi kan náà, tí ooru rẹ̀ kò yàtọ̀, rọ́pò rẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ṣíṣà wọn

Àwọn kan kì í fẹ́ gbọ́ ìpín yìí, ṣùgbọ́n òun ló ń pinnu bóyá ẹ ó ní ẹja lópin oṣù kẹta tàbí ẹ kò ní ní. Ẹgbẹ̀rún ọmọ ẹja kò lè gbé inú bàsíà kan. Bí ẹ bá gbìyànjú láti tọ́ gbogbo wọn, omi yóò bàjẹ́, gbogbo wọn yóò sì ràn. Ọgọ́ta ni mo máa ń gbèrò láti tọ́ dé oṣù méjì, ogún ni mo sì máa ń mú dé òpin ọdún, nítorí iye tí omi mi lè gbà nìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, ẹ bu wọ́n díẹ̀díẹ̀ sínú àwo funfun, kí ẹ wò wọ́n láti òkè. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, èyí tí kò lè dúró déédéé nínú omi, èyí tí ó ń wọ́lẹ̀ nísàlẹ̀ láìlè gbéra, kò ní dára mọ́. Bí ó bá jẹ́ onírù méjì ni ẹ ń sìn, àwọn tí ìrù wọn kò pín pẹ̀lú kò ní wà lára àwọn tí ẹ ó tọ́ fún ìran tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n bí ara wọn bá le, ẹ lè fún ẹni tó ní adágún kékeré nínú àgbàlá, wọn a sì máa bá a jẹ tanwíjí. Àwọn tí wọ́n ti yarọ, ẹ má ṣe fi wọ́n sílẹ̀ kí ebi máa pa wọ́n kú. Òróró kànáfùrù ni mo ń lò: ẹ pò ó mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ díẹ̀ nínú ìgò, ẹ mì í kíkankíkan, kí ẹ da á sínú omi wọn ní ìwọ̀n ìdajì mílílítà sí lítà kan. Oorun yóò gbé wọn lọ láìjẹ̀rora. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da ẹyọ kan sínú odò Àṣà, sínú Ọ̀yun, tàbí sínú gọ́tà tó ń ṣàn lọ bá wọn. Ní Ọsirélíà àti ní Kánádà, ẹja wúrà tí àwọn ènìyàn dà sódò ti pọ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ń tú ìsàlẹ̀ odò, wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ àti ẹyin ẹja ìbílẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹja rẹ̀ mọ́, kí ó wá ẹlòmíràn fún.

Oṣù Ẹrẹ́nà àti ohun tó tẹ̀ lé e

Àwọn ọmọ tó pa ní oṣù Èrèlé yóò bá ooru Ẹrẹ́nà pàdé nígbà tí wọn kò tíì ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà lọ. Àsìkò yìí ni ìkòkò amọ̀ ń sanwó ara rẹ̀ padà. Bí ike ni ẹ ń lò, ẹ fi àpò ìdọ̀họ tútù wé e lára, kí ẹ máa bu omi sí àpò náà lọ́sàn-án, kí ẹ sì bo orí rẹ̀ pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ. Bí omi bá kọjá 30°C, ẹ dín oúnjẹ kù, ẹ má ṣe bọ́ wọn lẹ́yìn agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi kún atẹ́gùn. Ọmọ ẹja tó ń mí gúlegúle lójú omi ń sọ fún yín pé èémí kò tó òun: ẹ fa ìdá kan nínú mẹ́rin omi kúrò, kí ẹ sì fi omi tuntun tó ti sùn mọ́jú dí i láì yára.

Ẹnìkan tí ọ̀nà ọyẹ́ bá fò dá lè gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i nínú oṣù Agẹmọ tàbí Ògún, nígbà tí òjò bá ti mú gbogbo ilẹ̀ tutù. Ẹja mi ti yé ẹyin ní òwúrọ̀ tó tẹ̀ lé òjò ńlá láìjẹ́ pé mo ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyin náà kò pọ̀ tó ti ìgbà ọyẹ́.

Ní ti àwọ̀, ẹ mú sùúrù. Gbogbo ọmọ ẹja wúrà ni yóò kọ́kọ́ ní àwọ̀ ilẹ̀ tàbí àwọ̀ ewé tó ṣú, bí ti baba ńlá wọn inú odò. Nínú omi wa tó lọ́wọ́ọ́rọ́, àwọn kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní oṣù kejì sí ìkẹta: ikùn yóò kọ́kọ́ pọ́n bí idẹ, àwọ̀ náà yóò sì máa gòkè lọ sí ẹ̀yìn, nígbà mìíràn pẹ̀lú ojú dúdú tí yóò hàn kí ó tó parẹ́. Àwọn mìíràn yóò pẹ́ tó ọdún kan, àwọn díẹ̀ kò sì ní yí padà láéláé. Nítorí náà ẹ má ṣe fi àwọ̀ ṣà wọ́n ní kékeré. Ìrísí ara, bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń jẹun ni kí ẹ fi yàn wọ́n.

Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ó máa kọ ọjọ́ tí wọ́n yé ẹyin sí, ooru omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, iye tó pa, àti òbí tó bí wọn. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn bá tún dé, àwọn ọmọ yìí kò tíì ní pé ọdún kan; ẹ jẹ́ kí wọ́n gba òtútù náà láìyé ẹyin, kí ẹ sì yan mẹ́fà tó dára jù nínú wọn sínú ìkòkò tiwọn fún ọdún tí yóò tẹ̀ lé e.